Ta Ló Mọ Ìṣirò Nílé Yín?

Nígbà tí a wọ SS1, olùkọ́ wa ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe Further Maths kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù kọ tèmi. Ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn ni yóò jọ. Ta ló mọ ìṣirò nílé yín?” Mo pa orúkọ mi rẹ́.

Mi ò rí èsì fún un. Ìyá mi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé iṣẹ́ kan ní Ilo-Awela, ní Ọ̀tà. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ra àwìn lọ́wọ́ wọn títí owó oṣù yóò fi wọlé, ìlà ni wọ́n sì fi ń kọ gbèsè sínú ìwé: abọ́ kan, ìlà kan. Ojú máa ń tì mí bí ẹnikẹ́ni bá rí ìwé náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ka ìtàn Kate Okikiolu, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ Yorùbá yẹn ló kọ́kọ́ fà mí mọ́ra. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1965. Bàbá rẹ̀, George Okikiolu, ọmọ Nàìjíríà, jẹ́ gbajúmọ̀ onímọ̀ ìṣirò. Ìyá rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Ìdí ẹ̀kọ́ ìṣirò ni àwọn méjèèjì ti pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Ẹkùn méjì ló bí eléyìí!

Ṣùgbọ́n mo ka ìyókù. Bàbá náà fi iṣẹ́ yunifásítì sílẹ̀ kí ó lè gbájú mọ́ àwọn ohun tuntun tó ń hùmọ̀. Lẹ́yìn náà, òun àti ìyá Kate pínyà. Ìgbà yẹn ni ìyá yìí parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó sì wá di olùkọ́. Ìdílé àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ló ti wá, kò sì fi ìjàkadì tálákà àti ti aláwọ̀ dúdú pamọ́ fún ọmọ rẹ̀.

Kate kàwé ní Cambridge, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì California ní Los Angeles ní 1991. Ní 1997, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ẹ̀bùn 500,000 dọ́là fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, àti fún ètò ẹ̀kọ́ ìṣirò tó ń ṣe fún àwọn ọmọ àdúgbò tálákà ní ìlú ńlá. Ibẹ̀ ni mo ti dúró ronú. Bó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ìṣirò wà, kí ni ọmọ ẹkùn ń wá láàárín àwa ọmọ ewúrẹ́?

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí ìyá mi jẹ́ kí n bá wọn ṣírò gbèsè oṣù yẹn. Abọ́ kan jẹ́ ₦700. Mo tẹ fóònù, ó fún mi ní ₦46,900. Wọ́n wo ìwé, wọ́n ní ₦47,600 ni.

Mo ní, “Mà, fóònù kì í parọ́.”

Wọ́n ní, “Kì í parọ́. Ìwọ lo fo ìlà kan.”

Òótọ́ ni. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní márùn-ún márùn-ún ni àwọn ń di ìlà, ìdì kan sì jẹ́ ₦3,500. Ìdì mẹ́tàlá jẹ́ ₦45,500. Ìlà mẹ́ta tó kù jẹ́ ₦2,100. Orí ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Mo wá sọ ìtàn ìyá Kate fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

“Ó padà sídìí ìwé pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n pa ìwé gbèsè náà dé, wọ́n rọra fọwọ́ nu ẹ̀yìn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún orúkọ mi kọ. Báírò ni mo fi kọ ọ́. Bí ọmọkùnrin yẹn bá tún bi mí pé ta ló mọ ìṣirò nílé wa, mo ti mọ ẹni tí n óò dárúkọ.