Èmi Ni Mo Bu Iye Owó Náà

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bu iye tí àwọn ajínigbé gbà lórí ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọn kò bi mí. Mo kọ ọ́, mo gbé e síta, mo sì bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n bá mi pín in.

Ìgbéraga mi kò dé lọ́jọ́ kan. Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, mo wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó kóra jọ sí Fajuyi l'Ádó-Èkìtì. Fóònù la fi pe ara wa jọ, fóònù la fi mọ ibi tí a ó ti rí omi, òun náà ló gbé ohùn wa dé ibi tí ẹsẹ̀ wa kò dé. Lọ́jọ́ 11 oṣù náà, àwọn aláṣẹ kéde pé àwọn ti tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí à ń torí ẹ̀ pariwo, ká. Mo rí i pé ariwo ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2024 dé. Wọ́n pa ọba méjì, Onímòjo ti Ìmòjo àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn-Èkìtì. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì lágbègbè Emùré. Èmi ń bẹ ní Ìkéré, n kò lè sùn. Mo kọ, mo pín, mo pe orúkọ ìjọba sí gbogbo ohun tí mo kọ, bí àìmọye ọmọ Èkìtì nílé àti lókè òkun ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ 4 oṣù kejì, àwọn ọmọ náà gba òmìnira. Kò sẹ́ni tó sọ pé ariwo mi ló tú wọn sílẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀gágun nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa, mo sì ń dáhùn.

Ìkìlọ̀ sì ti wà nílẹ̀. Ní oṣù kìíní yẹn, wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin ìdílé kan gbé ní Bwari, l'Ábújá, wọ́n sì pa ọ̀kan nínú wọn. Àwọn èèyàn ń dá owó ìràpadà jọ lórí ayélujára. Isa Pantami, tó ti ṣe mínísítà rí, kéde pé ọ̀rẹ́ òun kan fẹ́ fi mílíọ̀nù 50 náírà sílẹ̀. Mohammed Badaru, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò nígbà náà, ní kí aráàlú yé dá irú owó bẹ́ẹ̀, pé ńṣe ló ń mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Inú bí mi. Mo ní ìjọba tí kò lè dáàbò bo ọmọ kò gbọdọ̀ pa òbí lẹ́nu mọ́. Títí di òní, mo gbà pé ìbínú yẹn tọ́. Àmọ́ ohun tó sọ nípa owó, etí mi kò gbà á.

Nígbà òjò ọdún náà, wọ́n mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́nà oko rẹ̀ níhà Ìsẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó rẹ̀ pè mí. Ó ní, “Ọmọ mi, má tíì gbé e síta o. Wọ́n ti pè wá, mílíọ̀nù méjì ni wọ́n ń bèèrè.” Bàbá ọdẹ kan tó mọ igbó yẹn gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. “Wọn ò mọ ẹni tí wọ́n mú. Ẹ jẹ́ kó wà bí àgbẹ̀ lásán lójú wọn. Ẹyin lọ̀rọ̀ o.”

Mo ní, “Bàbá, ayé ti yí padà.”

Mo wá àwòrán rẹ̀ tó dára jù, èyí tó ti wọ aṣọ òkè níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé olóko kòkó ńlá ni, pé àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì ní London, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Mo fi nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹni tó bá ní ìròyìn lè pè é. Mo kọ orúkọ tèmi náà, pé èmi ni agbẹnusọ ìdílé. Kò sẹ́ni tó yàn mí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ àwọn tí n kò mọ̀ rí, mo jókòó, mo ń wo bó ṣe ń tàn kálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà nínú igbó. Inú mi ń dùn.

Fóònù ìyàwó rẹ̀ kò sinmi mọ́. Àwọn tó fẹ́ gbàdúrà pè. Àwọn tó fẹ́ bú ìjọba pè. Gbájúẹ̀ pè, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló wà, kó yára fi káàdì fóònù ránṣẹ́. Àwọn tó mú un gan-an ń pè, wọn ò wọlé. Nígbà tí wọ́n máa wọlé, mo ti dé Ìsẹ̀, mo jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

Wọn ò sọ méjì mọ́. Wọ́n ní mílíọ̀nù 15.

Ó ń sunkún pé àwọn ò ní in. Ẹni náà ní, “Ọmọ yín wà ní London. A ti kà á.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na ọkọ rẹ̀ kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó gbọ́. Èmi náà gbọ́.

Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi padà wálé láàyè. Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Oko kòkó tí bàbá rẹ̀ gbìn ti di ti ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n tà á, nítorí ẹni tó rà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń jó wa. Ọmọ tó wà ní London ṣì ń san gbèsè. Mo ta ọ̀kadà mi, owó rẹ̀ kò kún ohunkóhun. Ìyàwó rẹ̀ kò bú mi rí. Bí mo bá kí i, ó ń dáhùn, àmọ́ kò pè mí ní ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bóyá ẹ̀yin náà lẹ ń darí irú ẹgbẹ́ WhatsApp bẹ́ẹ̀, bóyá ọwọ́ yín tiẹ̀ yá ju tèmi lọ. N kò ní kí ẹ dákẹ́. Ọ̀nà oko wa ń fẹ́ ẹ̀ṣọ́, ìjọba sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ajínigbé ní fóònù. Ó ní dátà. Ohun tí mo kọ láti fi jí ìjọba lójú oorun, òun ló fi díwọ̀n èèyàn mi. Mo lè ti kọ nípa ọ̀nà tí kò ní ẹ̀ṣọ́, kí n yọ London kúrò, kí n yọ nọ́ńbà kúrò, kí n yọ orúkọ ara mi kúrò. N kò yọ wọ́n, nítorí mo mọ̀ pé àwọn gan-an ni èèyàn máa torí wọn pín in.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rìn, torí ẹnì kan ti ya àwòrán rẹ̀ kí n tó pa á rẹ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan ní Ìkéré fi ránṣẹ́ sí mi bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀, ó ní kí n bá òun gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ Èkìtì. Mo pè é. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ẹni tó kọ ọ́.