Òdo Kan Tó Fò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí aṣọ òfì Ìsẹ́yìn kan tí ahunṣọ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ₦8,500. Mo mọ̀ pé ₦85,000 ni irú rẹ̀. Òdo kan ló fò. Mo sáré sanwó. Kò pẹ́ tó fi pè mí pé òun ṣì í kọ ni. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé, "Mo ti sanwó, ó ti parí."

Ṣùgbọ́n Súrátun-Nisaa, áyà 29, kọ́ wa pé ìyọ́nú olùtà àti olùrà ló ń sọ òwò di hàlálì. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì kọ́ wa pé àwọn méjèèjì lè yí i padà níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì pínyà. Òdodo ló ń mú alùbáríkà wọ ọjà, ìfipamọ́ ló ń lé e lọ. Èmi tí mo mọ̀ pé àṣìṣe ni, tí mo sì dákẹ́, ìyọ́nú ta ni mo rà?

Mo ní kó dá owó mi padà. Ẹ̀yin náà, bẹ́ ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sí òwò wa. Àmín.