Omi Iyọ̀, Orógbó àti Fóònù Màmá

Lóru ọjọ́ kan lóṣù kẹjọ ọdún 2014, fóònù kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé sùn ní Nàìjíríà. Ẹ gbé omi kaná, ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ fi wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kẹ́ ẹ sì mu díẹ̀ níbẹ̀: Ẹ̀bólà ò ní yà sílé yín. BlackBerry ló gbòde nígbà náà, BC ni wọ́n sì ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ń pe ọmọ, ọmọ ń pe àna, ará ilé ń pe ará òkè òkun. Ẹ̀rù ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ogúnjọ́ oṣù keje ni Patrick Sawyer ti gbé àìsàn náà wọ Èkó láti Làìbéríà, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú.

Iyọ̀ wà nílé, omi wà, ẹnikẹ́ni ò ní náwó. Ìmọ̀ràn tí kò náni lówó kì í pẹ́ ríbi jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, omi inú ara ló máa ń fà gbẹ, kò sì ní dá ọpọlọ sí. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ ló tètè máa ń fara káásá, bẹ́ẹ̀ ta ni kò ní bàbá tàbí ìyá tó ń lo oògùn rẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má kọjá ṣíbí ìmu-tíì kan. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, àjọ náà kéde pé, ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Òótọ́ bá a lóòótọ́, kò tiẹ̀ pẹ́ rárá. Àwọn méjì náà ti lọ kó tó dé.

Ti orógbó tún yàtọ̀, nítorí kì í ṣe irọ́ látòkèdélẹ̀. Ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, ẹni tó wá di alága àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà níkẹyìn, sọ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ewéko ní St. Louis, Amẹ́ríkà, pé nǹkan kan tí wọ́n yọ lára orógbó dí kòkòrò Ẹ̀bólà lọ́wọ́ nínú láàbù. Nínú láàbù o, kì í ṣe lára èèyàn. Ọdún 15 lẹ́yìn náà, gbólóhùn “nínú láàbù” ti jábọ́ lójú ọ̀nà, ohun tó kù lórí fóònù ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ máa jẹ orógbó. Irú èyí ló burú jù, torí ẹni tó bá fẹ́ já a nírọ́ máa kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun tó lé Ẹ̀bólà lọ kò dùn ún fi ránṣẹ́ lóru. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí Sawyer kúrò ní ọsibítù, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá èèyàn 894 tó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn kàn, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn wọn nígbà tó tó 18,500, wọ́n ń yẹ ara wọn wò bóyá ó gbóná. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú. Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ni wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Nígbà tí Kòrónà fi máa dé, gbogbo èèyàn ti kó lọ sórí WhatsApp. Lóṣù kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Trump yin chloroquine lórí tẹlifíṣọ̀n, ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn tó lò ó yó ti ń dé ọsibítù l'Ékòó. Lóṣù keje, fídíò Dókítà Stella Immanuel láti Houston gbòde. Ọmọ Cameroon ni, Nàìjíríà ló ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ó wọ aṣọ funfun, ó ń sọ̀rọ̀ bí àǹtí ẹni, ó ní hydroxychloroquine ń wo Kòrónà sàn. Bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹfà ni wọ́n ti kéde àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Britain lára aláìsàn tó lé ní 4,600: oògùn náà kò dá ẹ̀mí sí. Ta ló fi ìyẹn ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí?

WhatsApp gbìyànjú. Láti 2019, èèyàn ò lè fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ síbi tó ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2020, èyí tó ti rìn jìnnà di ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da ọ̀rọ̀ náà kọ, tó lẹ̀ ẹ́ síbòmíì, ti bọ́ lọ́wọ́ òfin. Kò sì sí òfin tó lè mú ohun tó ń gbé e rìn. Màmá tó fi ránṣẹ́ kò purọ́. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ni. Ẹnu àgbà lobì sì ti ń gbó: ọmọ ọdún 30 wo ni yóò kọ ọ́ sójú ogójì mọ̀lẹ́bí pé irọ́ ni Màmá fi ránṣẹ́?

Nínú ìwádìí kan ní Britain ní ìparí 2020, bíi 72 nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bi léèrè ló ní kò jọ pé àwọn máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà. Fóònù nìkan kọ́ ló fà á. Oògùn tí Pfizer dán wò lára àwọn ọmọdé ní Kánò ní 1996, lásìkò yírunyírun, kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jesus House, ìjọ Rìdíìmù tó wà ní Brent Cross ní London, fi yẹ fún àfiyèsí: ní 2021, wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìjọba wọ ibi tó mọ̀, ó rí pásítọ̀ tó máa ń gbàdúrà fún un.

Nínú ilé náà, ọ̀nà kan náà ni. Bí nọ́ọ̀sì bá wà nínú ẹbí, òun ni Màmá máa gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, bó bá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ẹ ṣé o, Mà, ẹ kú ìtọ́jú wa. Iyọ̀ tí wọ́n sọ yẹn, kò bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín mu o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ọ́ kúrò.” Láti 2022, WhatsApp fún ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ó lé díẹ̀ láti pa á rẹ́ lójú gbogbo gúrúùpù. Àyè wà fún Màmá láti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́, láìsí pé ọmọ kankan já a nírọ́ ní gbangba.