Tẹlifóònù Inú Ilé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ojú kò bá lè ko ojú, àwọn baba ńlá wa a máa pa àrokò: bí owó ẹyọ méjì tí wọ́n so pọ̀ bá dojú kọ ara wọn, ìfẹ́ ni, bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ni. Ẹ̀rọ tí Alexander Graham Bell gba ìwé-àṣẹ fún ní Amẹ́ríkà ní 1876 mú ojú kúrò, ó sì mú ẹyọ kúrò. Ohùn nìkan ni ó kù. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ẹni tí ó ń tọ́jú tẹlifóònù ilé, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn ni ó ń tọ́jú.

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, gbogbo tẹlifóònù tí ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí kò tó 19,000. Kí tẹlifóònù alágbèéká tó gbòde lẹ́yìn 2001, ilé kan ṣoṣo ni ó lè ní in ní odidi àdúgbò. Tiwa ní Ìbàdàn dúdú bí kóró iṣin. Àgádágodo kékeré wà nínú ihò nọ́ńbà rẹ̀ kan, kí ọmọdé má baà máa yí i ṣeré.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Aṣọ gbígbẹ ni a fi ń nù ún. Bí okùn rẹ̀ bá lọ́ pọ̀, a ó jẹ́ kí apá tí à ń gbé sí etí rọ̀ dirodiro títí yóò fi tú. Bí ààrá bá ń sán, a kì í fi sọ̀rọ̀, nítorí mànàmáná lè gba inú wáyà wọlé. Bí iná ìlú bá lọ, kò kàn án, nítorí láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni agbára rẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí a kò bá gbé e padà kí ó jókòó dáadáa, àwọn tí ó ń pè wá yóò rò pé ẹlòmíràn ni à ń bá sọ̀rọ̀.

Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ni ó le. Ní nǹkan bí 1982, ọmọ ìyá àgbà kan ní ọ̀ọ́kán ilé wa pè láti Kàdúná: ìyàwó òun ti bímọ nípa iṣẹ́ abẹ, kò tíì jí láti inú oorun tí oògùn kùn ún, ṣùgbọ́n dókítà ní kò séwu. Ọmọkùnrin kan tí ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ni ó gbọ́ ọ. Ó sáré jáde, ó ké láti ojúde pé, "Ìyá, wọ́n ní ìyàwó ọmọ yín kò tíì jí o!" Kí a tó dé ibẹ̀, ìyá ti ká ọwọ́ lé orí, ilé ti gba ẹkún kan. Bàbá mi kò na ọmọ náà. Wọ́n ní, "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ." Láti ọjọ́ náà ni ìwé àti pẹ́ńsù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù: a ó kọ orúkọ ẹni tí ó pè, a ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ó sì kà á padà sí i létí.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ní tẹlifóònù lápò lónìí. Ẹni tí ó wà ní òdì kejì kò rí ìkúnlẹ̀ wa. "Ẹ" tí a bá fi kí i ni yóò bá wa kúnlẹ̀. Ẹyin lohùn: bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.