Géèmù Tí Kì Í Bá Iná Lọ

Ìbọn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá nínú géèmù. Myst ni tèmi, èyí tí Rand àti Robyn Miller ṣe jáde ní 1993: ẹ ó kàn bá ara yín ní erékùṣù tó dá páropáro, kò sẹ́ni tó ń lé yín, kò sẹ́ni tó júwe ọ̀nà. Àlọ́ àpamọ̀ ni ẹ̀rọ ibẹ̀.

Bí iná bá lọ ní Àgùdà, géèmù ìbọn parí nìyẹn. Myst ò parí. Èmi àti àbúrò mi, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wa sọ̀rọ̀, a ó jókòó síwájú ilé, a ó máa fi bírò ya ọ̀nà inú ihò kan níbi tí ìró ti ń sọ ìhà tí ọkọ̀ máa yà sí.

Ó ti wà ní Ìbàdàn báyìí. Lálẹ́ àná ló fi ohùn ránṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́, ìró bí agogo yẹn, àríwá ni!”