Ilé Kékeré ní Ìdálẹ̀

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Agége lọ sí Ìkẹjà lónìí, òrùlé páànù ni yóò máa rí lọ rẹrẹ. Nígbà tí ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, oko ni ó yí Agége ká. Ṣùgbọ́n kí òmìnira 1960 tó dé, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wọ́ wá láti ìlú gbogbo. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ó gbé àwa náà dé ibẹ̀.

Yàrá mẹ́fà ni a yà sórí ìwé, kí ará ilé lè mọ̀ pé a ti lọ sí ìdálẹ̀. Ìpìlẹ̀ kò tíì parí tí àpò fi gbẹ. Ọdún méjì ni koríko fi hù níbẹ̀, tí a sì ń san owó ilé fún onílé. Ìyá àwọn ọmọ wa bi wá léèrè pé, “Bàbá wọn, ṣé orí ìwé yìí ni a ó máa sùn ni?” Ojú tì wá. A dín in kù sí yàrá méjì ní igun ìpìlẹ̀ náà. Iye búlọ́ọ̀kù tí owó oṣù bá ká ni a ń rà. Ògiri rẹ̀ kò tíì rí ọ̀dà, ṣùgbọ́n òrùlé kò jò, a kò sì jẹ gbèsè. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni a gbìn sínú ìpìlẹ̀ yòókù.

Ẹ̀yin tí ń gbèrò ilé ní ìdálẹ̀, kí ẹ tó ra yanrìn, ẹ wádìí ìwé ilẹ̀ náà ní Aláùsá, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ti ra ilẹ̀ tí a ti tà fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò owó yín, kí ẹ sì kọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Yàrá méjì tí a ń sùn sí sàn ju ààfin orí ìwé lọ.