Ẹ̀rọ Èémí àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí bàbá olówó bá ń hanrun, wọ́n á ní ayé ló ń jẹ. Nígbà tí oorun gbé àbúrò bàbá mi lọ lórí àga lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tàgbádá tàfìlà, pẹ̀lú bí ìlù ṣe ń ró tó, ẹ̀rín la fi wọ́n rín. Ìyàwó wọn nìkan ni kò bá wa rẹ́rìn-ín. Àwọn ló mọ ohun tójú ń rí lóru: ìhanrun á ròkè, á dákẹ́ lójijì, àyà á máa lọ sókè sódò láìsí èémí, kí bàbá tó ta jí, kí wọ́n mí kanlẹ̀.

Nínú ìdákẹ́ yẹn ni ọkàn ti ń jìyà. Ọ̀fun ti dí, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ara á ta gìrì, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sún kì, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè. Àyà tó ń fipá fa afẹ́fẹ́ tí kò wọlé tún ń fa ọkàn fúnra rẹ̀. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ nígbà ọgbọ̀n ní wákàtí kan, lálaalẹ́, kí ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ dá ṣe?

Ọdún 1981 ni Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney ròyìn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú wọlé, kí ọ̀fun má baà dí. Ó ń fi nǹkan bíi òǹkà 2 sí 3 dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹni tí oògùn kò kápá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí SAVE ti 2016, láàárín èèyàn tó lé ní 2,600 tí wọ́n ti ní àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò dín ìkọlù tuntun kù. Àwọn kan ní ẹ̀rọ náà kò wúlò nìyẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán: wákàtí mẹ́ta lé díẹ̀ péré ni wọ́n ń lò ó lóru. Ta ló ń fi ìdajì oògùn wo àìsàn?

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ táwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ láti London láìsí àyẹ̀wò ló ń bà mí lẹ́rù. Irú kan wà lára àwọn tó ń yí agbára atẹ́gùn padà fúnra wọn. Ìwádìí SERVE-HF ti 2015 fi hàn pé ó dá kún ikú àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́, tí ìdákẹ́ èémí wọn sì ti inú ọpọlọ wá.

Dókítà ló yan ẹ̀rọ ti àbúrò bàbá mi fún wọn. Iná ló kù. Bí NEPA bá mú un lọ, ẹ̀rọ á kú, ni wọ́n bá ra ínfátà àti bátìrì tó owó àgbò Iléyá méjì. Dókítà ti yọ ẹyọ kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ó ní kí wọ́n má tíì dá méjì yòókù dúró.